Àgbàdo Mẹ́jọ Lára Géètì Alhaja

Wẹ́dà kan wà ní Lótò, ní Mówè, tí kì í ṣe géètì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Olúgbádé lorúkọ rẹ̀. Bí ó bá ṣe géètì fún ọ lónìí, tí àbúrò rẹ tí ẹ jọ mu ọmú kan náà wá lọ́la pé irú ti ẹ̀gbọ́n òun gẹ́lẹ́ lòun ń fẹ́, Olúgbádé á bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, á wò ó títí, á sì bi í bóyá imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ló fi ń mí.

Ẹni tí kò mọ Mówè lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ọ̀rọ̀ géètì kì í ṣe kékeré ní Mówè. Àwọn tó ń sá fún lańdílọ́ọ̀dù Èkó ló kún ibẹ̀. Wọ́n á ra ilẹ̀, wọ́n á mọ ògiri yí i ká, wọ́n á gbé géètì sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nípa ilé. Géètì kan wà lẹ́yìn Lótò tó dá dúró fún ọdún méje kí ilé tó wá bá a. Ẹni tó ni ín a máa wá ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, a ṣí géètì, a wọlé, a dúró díẹ̀ láàárín koríko, a jáde, a sì tì í padà. Àwọn aládùúgbò a máa kí i pé, "Ẹ kú ilé o." Òun náà a máa dáhùn pé, "A dúpẹ́ o."

Níbi tí nǹkan bá ti rí báyìí, géètì ni ojú onílé. Olúgbádé kì í sì í gbé ojú ẹnì kan lé ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ kan ṣoṣo kò lè bí ọgọ́rùn-ún géètì. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń wá àwòrán kiri. Á mú ìwé kan àti pẹ́ńsùlù, á wọ mọ́tò lọ sí apá Ìkẹjà níbi tí àwọn olówó ń gbé, á dúró síwájú géètì wọn, á sì máa yà á. Ó ṣòro láti ṣàlàyé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́dẹ. Ajá mẹ́rin ló lé e lọ́jọ́ tó lọ kẹ́yìn. Sẹ̀gilọlá, ìyàwó rẹ̀, ní ajá kan ni, pé ọmọ ajá ni pàápàá. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá kò sí níbẹ̀. Ajá mẹ́rin ni.

Ọdún 2008 ni Jésùtófúnmi ṣí káfè kọ̀ǹpútà sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù Olúgbádé. Ọkọ obìnrin yìí ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé nínú Káńpù àwọn onígbàgbọ́. Òun ní tirẹ̀ ń kọ́ gbogbo Lótò bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láìlẹ sítáǹbù. Ó pe Olúgbádé pé kó wá fi irin dí fèrèsé káfè kí olè má baà kó kọ̀ǹpútà òun. Olúgbádé wá, ó wọn fèrèsé, ó wá jókòó síbẹ̀ odindi ọ̀sán kan, ó ń ronú irú irin tí kò tíì sí lára fèrèsé kankan láyé.

Jésùtófúnmi ní, "Bọ̀ọ̀dá Gbádé, kí lẹ ń wò látàárọ̀?"

"Mò ń wá àwòrán ni."

"Àwòrán? Ṣé nínú afẹ́fẹ́ ni?"

Ó fa àga fún un, ó tẹ nǹkan lára kọ̀ǹpútà, géètì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n ní géètì tí Olúgbádé rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó ẹgbàá. Ó wò títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ojú tó sì ti ń wo iná wẹ́dà fún ogún ọdún kì í yára da omi. Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: bí ó bá ti rí ọ̀kan tó wù ú, tó sì tẹ̀ síwájú, ọ̀kan àkọ́kọ́ ti sọnù nìyẹn.

Jésùtófúnmi wá fi ibì kan hàn án nínú ayélujára tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ibi tí èèyàn ń kó àwòrán tó wù ú pa mọ́ sí ni. Ibikíbi tí o bá ti rí àwòrán náà, wàá tẹ nǹkan kan, àwòrán á sì lọ lẹ̀ mọ́ pátákó rẹ níbẹ̀. Pátákó náà tìrẹ ni, orúkọ tó bá wù ọ́ lo lè sọ ọ́, o sì lè ní mélòó tó bá wù ọ́. Bí o bá padà dé lẹ́yìn ọdún kan, wàá bá àwòrán rẹ níbi tí o lẹ̀ ẹ́ mọ́. O sì tún lè yọjú sí pátákó àwọn ẹlòmíràn, kí o mú èyí tó bá wù ọ́ níbẹ̀ wá sórí tìrẹ, kò sì sí ajá tó máa lé ọ.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sán Túsìdeè ni Olúgbádé ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí méjì. Àwọn wẹ́dà yòókù ń pín géètì sí ńlá àti kékeré. Olúgbádé kò pín tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Pátákó rẹ̀ àkọ́kọ́ ń jẹ́ Àwọn Tó Ń Bẹ̀rù Olè. Èkejì ń jẹ́ Àwọn Tó Fẹ́ Kí Aládùúgbò Bínú, òun ló sì kún jù. Ẹ̀kẹta ni Àwọn Tí Ìyàwó Wọn Ló Máa Yàn Án. Ẹ̀kẹrin ni Àwọn Tí Kò Tíì Ní Ilé. Jésùtófúnmi ló ń bá a tẹ orúkọ wọ̀nyí, kò sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé òun náà ní pátákó tirẹ̀ tó ń jẹ́ Kíṣìnnì Tí Ọlọ́run Máa Fún Mi.

Bí oníbàárà bá ti dé, Olúgbádé á bi í léèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹbí àti àdúgbò rẹ̀, á mọ pátákó tó bọ́ sí, á sọdá sí káfè, á ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ àwòrán mẹ́fà jáde. Dúdú àti funfun ni ẹ̀rọ náà ń tẹ̀, yíǹkì rẹ̀ kì í sì í sábà tó. Àwọn àwòrán a máa jáde bí ohun tí èèyàn ń wò nínú ìkùukùu. Oníbàárà á yan ọ̀kan. Bí ó bá béèrè ibi tí wọ́n ti rí irú rẹ̀, Olúgbádé á dáhùn kíá pé, "Ilé àwọn ẹni ńlá kan lókè òkun ni." Kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àwòrán nìkan ló máa ń bá lórí pátákó, kò bá ilé níbẹ̀. Kò sì mọ̀ pé bí èèyàn bá tẹ àárín àwòrán náà, yóò gbé e lọ sí ibi tó ti wá gan-an.

Lọ́jọ́ kan ní ọdún 2009, Alhaja Sùwéébátù sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Láti Ifọ̀ ló ti wá. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló ti ń ta àgbàdo gbígbẹ lọ́jà Ifọ̀, àgbàdo náà sì ti tọ́ ọmọ márùn-ún, ó ti gbé e lọ sí Mẹ́kà, ó ti wá kọ́ ilé. Àfi géètì ló kù.

Olúgbádé kí i tán, ó ní, "Alhaja, ṣé kò sí wẹ́dà ní Ifọ̀ ni?"

"Ó wà. Ọmọ àbúrò mi pàápàá, wẹ́dà ni, ní Ìbàfò níbí. Bùrẹ́ímọ̀. O mọ̀ ọ́n?"

Ta ni kò mọ Bùrẹ́ímọ̀? Kìnnìún méjì tó kọjú síra wọn ni Bùrẹ́ímọ̀ ń ṣe sára géètì. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ṣe kìnnìún méjì náà. Ní Ìbàfò, bí ọmọdé bá fẹ́ júwe ilé wọn fún àlejò, á ní ilé àwọn ni ilé tí kò ní kìnnìún.

Alhaja ní, "Bùrẹ́ímọ̀ ní kìnnìún lòun máa ṣe fún mi. Mo ní kìnnìún kọ́ ló bá mi ta àgbàdo."

Olúgbádé tẹ́ àwòrán mẹ́fà sórí bẹ́ńṣì. Alhaja wo ìkíní, ó wo ìkejì, ó pòṣé. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ojú. Géètì gíga ni, irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó rẹwà. Nǹkan mẹ́jọ tò sára rẹ̀, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì: wọ́n rí gbọọrọ, ìdí wọn wà lókè, orí wọn kọ ilẹ̀, nǹkan bí irun sì tú jáde lẹ́nu wọn nísàlẹ̀.

Alhaja ní, "Àgbàdo!"

Olúgbádé wò ó. Títí di ọjọ́ náà kò mọ ohun tí nǹkan mẹ́jọ náà jẹ́. Ó ti rò pé ìgbálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí Alhaja ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí, àgbàdo ni lóòótọ́, pẹ̀lú irun orí rẹ̀.

"Àgbàdo ni, Ìyá."

"Ta ló ni ilé yìí?"

"Ẹni ńlá lókè òkun ni wọ́n, Alhaja. Àwọn èèyàn pàtàkì ló pọ̀ níbẹ̀."

"Lókè òkun? Tí wọ́n ya àgbàdo sára géètì?" Alhaja mi orí. "Àwọn ni wọ́n mọyì oore."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí àgbàdo: bí ó ṣe ń hù, bí ó ṣe ń yọmọ, bí ó ṣe ń gbó, bí èèyàn ṣe ń mọ èyí tó gbó yàtọ̀ sí èyí tí kò gbó. Ó sọ ọ́ fún bí ìdajì wákàtí. Olúgbádé ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá," ṣùgbọ́n irin ló ń wọ̀n nínú ọkàn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó gbọ́ ni ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà: ọjọ́ Sátidé kan báyìí ni wọ́n máa ṣí ilé, bó ṣe wà nínú ìwé ni kí géètì wà, àwọ̀ ara rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ yàtọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe géètì náà. Ó fi wáyà tín-ín-rín ṣe irun àgbàdo, ọgọ́ta irun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi fáìlì tí wọ́n fi ń họ irin gé eyín sí ara wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń lọ sí Káńpù fún ìsìn a máa bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n wá wò ó. Adìyẹ kan wà ládùúgbò tó fi ẹnu sọ ọ̀kan nínú wọn, ló bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Alhaja fúnra rẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Bùrẹ́ímọ̀ náà wá. Ó yí géètì náà po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Gbádé, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ta ni àgbàdo ń dẹ́rù bà?"

"Ta ni kìnnìún tìẹ ń dẹ́rù bà? Ọmọ àdúgbò yín ń gùn ún ṣeré."

"Ó dáa. Sátidé ò jìnnà. Ojú gbogbo Ifọ̀ la ó jọ wà."

Ohun tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn. Gbogbo Ifọ̀ ló ń bọ̀ níbi ìṣílé. Bí géètì náà bá yege, orúkọ Olúgbádé dé òpópónà Abẹ́òkúta nìyẹn. Bí kò bá yege, kìnnìún ni wọ́n máa máa ṣe títí ayé.

Ní Tọ́sìdeè tó ṣáájú Sátidé náà, àfi ọ̀dà ló kù. Ìwé dúdú àti funfun kò sì lè sọ àwọ̀. Olúgbádé sọdá sí káfè.

"Tófúnmi, bá mi wo àwọ̀ géètì Alhaja lórí pátákó."

Jésùtófúnmi ṣí i. Àwòrán náà kéré. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ kó lè tóbi, ká lọ síbi tí wọ́n ti mú un wá."

"Ṣé ó ń lọ síbì kan ni?"

"Gbogbo wọn ló ń lọ síbì kan, Bọ̀ọ̀dá Gbádé. Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ rí?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni ń ká ẹní. Òfuurufú kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà orí géètì, lẹ́yìn náà àgbàdo mẹ́jọ náà. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Inú Olúgbádé dùn, nítorí pé ọ̀dà dúdú wà nílé. Lẹ́yìn náà ni ohun tó wà lẹ́yìn géètì wá jáde. Òkúta ni. Wọ́n tò ó ní ìlà-ìlà, wọ́n kọ̀wé sí ara wọn, òdòdó wà lẹ́sẹ̀ àwọn mìíràn.

Jésùtófúnmi sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ń ka òyìnbó tó wà nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ohùn kò jáde.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Bọ̀ọ̀dá Gbádé, ṣé ẹ ti gbé géètì náà lọ ni?"

"Lọ́la. Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní géètì itẹ́ òkú ni."

Jẹnẹrétọ̀ káfè ń dún lẹ́yìn ilé. Olúgbádé gbọ́ gbogbo dídún rẹ̀.

"Àgbàdo yẹn ńkọ́?"

"Wọn ò pè é ní àgbàdo. Ògùṣọ̀ ni. Ògùṣọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Wọ́n ní àmì pé iná ẹ̀mí ti kú ni." Ó kà díẹ̀ sí i. "Wọ́n ní àádọ́jọ ọdún rèé tó ti wà níbẹ̀."

"Àwọn wo ló wà níbẹ̀?"

"Àwọn adájọ́. Ọ̀gágun. Bíṣọ́ọ̀bù méjì."

"Mo ti sọ pé ẹni ńlá ni wọ́n," ni Olúgbádé wí, ó sì jókòó.

Jésùtófúnmi bọ́ sí iwájú rẹ̀. "Kò sí ohun tí àdúrà ò lè ṣe. Mo ní òróró nílé, a lè ta á sí géètì náà lára."

"Alhaja ló ni géètì, Tófúnmi."

"Òróró ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Olúgbádé padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó dúró níwájú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin fẹ́ kó wọlé tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, òun sì ti ṣe géètì itẹ́ òkú fún un, ó tún ti fi fáìlì tún un ṣe dáadáa. Bí ó bá sọ fún un, kò ní gbà á, Sátidé á sì dé bá ilé náà láìní géètì. Bí kò bá sọ, ó tó kí ẹnì kan ní Ifọ̀ náà lọ sí káfè lọ́jọ́ kan kó tẹ àwòrán kan.

Ó wá rò ó pé ògùṣọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀ ló burú. Bí wọ́n bá gbé ojú rẹ̀ sókè ńkọ́? Iná tó ń jó ni. Ẹ̀mí ni. Ó mú ẹ̀rọ ìgérin, ó gé ìkíní kúrò.

Sẹ̀gilọlá gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, ó bá ìkẹta lọ́wọ́ rẹ̀.

"Baálé mi, kí ni wọ́n ṣe fún ẹ tí o ń bẹ́ wọn lórí?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Sẹ̀gilọlá gbé oúnjẹ sílẹ̀.

"Lọ sọ fún ìyá náà."

"Mo ti ń tún un ṣe. Kò ní mọ̀. Àgbàdo ṣì ni, orí rẹ̀ kàn wà lókè ni."

"Bí èèyàn bá ra ewúrẹ́, tí o bá a gbé orí rẹ̀ lọ sí ìdí, ṣé kò ní mọ̀?"

"Ewúrẹ́ kọ́ nìyí."

"Àwọn òkú tó ń gbé ibẹ̀ nìkan ni kò ní mọ̀," ni Sẹ̀gilọlá wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, àgbàdo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti na orí sókè. Ó kun géètì ní dúdú.

Ọjọ́ kejì, Jímọ̀, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré gbé e gba ẹ̀yìn Ọ̀fadà lọ sí Ifọ̀. Olúgbádé gbé ẹ̀rọ wẹ́dà rẹ̀ dání àti jẹnẹrétọ̀. Bùrẹ́ímọ̀ ti wà níbẹ̀, Alhaja ló pè é kó wá bá wọn gbé e. Àwọn méjèèjì gbé e sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jó o mọ́ òpó. Ó ṣí, ó tì, kò dún. Bùrẹ́ímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìsàlẹ̀ bóyá ó wọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Alhaja dé. Ó dúró sí iwájú géètì. Ó dúró pẹ́ débi pé ewúrẹ́ kan wọlé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jẹ nǹkan, ó jáde.

"Olúgbádé."

"Ìyá mi."

"Ta ló sọ àgbàdo mi di tútù?"

Olúgbádé gbé awò dúdú rẹ̀ wọ̀.

"Àgbàdo tó bá na orí sókè lára igi rẹ̀, kò tíì gbó. Mo sọ fún ọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ, o ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Èyí tó bá gbó ló ń dorí kodò. Mi ò ta àgbàdo tútù rí láyé mi. Àwọn tó ń sè é lẹ́bàá títì ló ni ìyẹn. Nígbà tí mo wá wò ó, orí wọn kọ ilẹ̀. Ṣé òjò tó rọ̀ níjẹta ló tún mú wọn sọjí ni?"

Bùrẹ́ímọ̀ wo géètì, ó wo Olúgbádé. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ilé tí wọ́n mú iná dé.

Olúgbádé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, nínú iyanrìn, pẹ̀lú awò dúdú lójú. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ibẹ̀, kò gbé orí. Ó sọ ti pátákó, ó sọ ti ìwé dúdú àti funfun, ó sọ ti òkúta, ó sọ ti ògùṣọ̀.

"Itẹ́ òkú!" Bùrẹ́ímọ̀ ká ọwọ́ lé orí. "Ìyá, ẹ ò rí i! Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká ṣe kìnnìún!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Kìnnìún ẹ jọ ajá." Alhaja kò kúrò lójú kan. "Olúgbádé, o ní àwọn ẹni ńlá ló wà níbẹ̀."

"Ẹni ńlá ni wọ́n, Ìyá. Wọn kì í kàn jáde mọ́ ni."

"Ọdún mélòó ni géètì náà ti wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ní àádọ́jọ."

"Kò dípẹtà?"

"Kò dípẹtà."

"Hẹ̀n." Alhaja ronú. "Iná tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ó parí nìyẹn lóòótọ́. Àgbàdo tó bá dorí kodò ńkọ́? Bùrẹ́ímọ̀, ìwọ tí mo fi àgbàdo tọ́, dáhùn."

"Ó ti gbó ni, Ìyá."

"Tó bá gbó, kí là ń fi í ṣe?"

"À ń tà á."

"Èyí tí a ò bá tà?"

"À ń gbìn ín."

"À ń gbìn ín. Mi ò tíì rí ẹni tó gbin tútù tó sì hù." Ó yíjú sí Olúgbádé. "Iná ni tiwọn. Àgbàdo ni tèmi. Dìde nílẹ̀, kí o yí i padà bó ṣe wà. Bùrẹ́ímọ̀, bá a di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú."

Bùrẹ́ímọ̀ di ìsàlẹ̀ mú. Òun ló di mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mú títí tí wọ́n fi jó wọn padà, iná wẹ́dà ń ta sí i lọ́wọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀ nítorí pé Alhaja gbé àga jókòó tì wọ́n.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Alhaja ní, "Ṣùgbọ́n o parọ́ fún mi. Ìjìyà rẹ̀ wà. Pátákó tí o ní o ti rí i yẹn, ṣé géètì tèmi náà lè dé ibẹ̀?"

"Ó lè dé ibẹ̀, Ìyá."

"Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, ṣé ó máa rí ibi tó ti wá?"

"Bí a bá kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kí o kọ ọ́ síbẹ̀. Kọ pé: ilé Sùwéébátù alágbàdo, ní Ifọ̀. Kí o wá fi kún un pé: ó wà láàyè."

Ní Sátidé, gbogbo Ifọ̀ wọlé, wọ́n jáde, wọ́n jẹun. Ọ̀pọ̀ wọn fi ọwọ́ pa àgbàdo náà lára. Ẹni mẹ́ta béèrè bóyá Olúgbádé lè ṣe iṣu. Jésùtófúnmi, tó tẹ̀lé Sẹ̀gilọlá wá, ya géètì náà pẹ̀lú kámẹ́rà, ó sì fọwọ́ kan irin rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ẹni tó rí i bóyá òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Túsìdeè tó tẹ̀lé e, Jésùtófúnmi gbé àwòrán náà sórí pátákó tuntun, ó kọ ọ̀rọ̀ Alhaja sábẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá àti ní òyìnbó, kò yọ ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà, Olúgbádé kì í fi géètì kankan han oníbàárà láìkọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ìdajì pátákó Àwọn Tó Fẹ́ Kí Aládùúgbò Bínú ló ṣófo lẹ́yìn èyí. Géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n ló pọ̀ nínú wọn.

Oṣù kan kọjá. Olúgbádé bá Alhaja nínú ọjà Ifọ̀, lẹ́yìn àpò àgbàdo, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ kí i.

"Ìyá, ẹnì kan lókè òkun ti mú géètì yín sórí pátákó tirẹ̀."

Alhaja kò gbé ojú kúrò lórí àgbàdo tó ń ṣà. "Kí ló sọ pátákó náà?"

"Tófúnmi kà á fún mi. Géètì Oko ló pè é."

"Ṣé ó tẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pàápàá. Ó ní inú òun dùn láti gbọ́ pé ẹ wà láàyè."

Alhaja ju àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ kan sí ẹ̀gbẹ́.

"Bá mi kí i," ó ní. "Sọ fún un pé kó má lọ gbé e sí ojú oórì ẹnikẹ́ni."